Ìbọn oníhò tóóró: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọdẹ àti olùfẹ́ eré àwo amọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ní agbègbè wa, láti Ìfẹ̀tẹ̀dó títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tí a bá yọ ṣakabùlà kúrò, géèjì 12 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ (géèjì ni ìwọ̀n bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó). Àwọn tí ihò wọn tóóró, ìyẹn géèjì 20, 28 àti .410, kò pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pọ̀ nípa wọn. Ẹnì kan á ní ìbọn ọmọdé ni, òmíràn á ní kò lè pa òkété. Àwọn ìbéèrè tó ń wáyé jù nìyí. Ìbọn tó ní láíséǹsì nìkan la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe jẹ́ pé bí nọ́ńbà bá ń pọ̀ sí i, ṣe ni ihò ìbọn ń kéré?

Òjé pọ́n-ùn kan (454 g) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá pín òjé yẹn sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò géèjì 12, tó jẹ́ 18.5 mm. Bí ẹ bá pín in sí 20, bọ́ọ̀lù á kéré sí i, ihò á sì jẹ́ 15.6 mm. Ti 28 jẹ́ 14 mm. .410 nìkan ló yàtọ̀: ìwọ̀n ihò rẹ̀ ní ínǹṣì ni wọ́n fi ń pè é, ìyẹn 10.4 mm. Tí a bá ní ká kà á ní géèjì, á tó nǹkan bíi 67.

Ṣé òótọ́ ni pé ọta ìbọn kékeré kò lágbára?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Hóró òjé kan tó jẹ́ 2.4 mm, yálà ẹnu géèjì 12 ló ti jáde tàbí ẹnu .410, eré kan náà ló ń sá, nǹkan bíi mítà 365 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ba ẹyẹ, bákan náà ló ṣe máa wọlé. Iye hóró ló yàtọ̀. Ọta géèjì 12 tó gbé 28 g ní nǹkan bíi hóró 350 ní ìwọ̀n 2.4 mm yẹn. 24 g ti géèjì 20 ní 300, 21 g ti géèjì 28 ní nǹkan bíi 260, 14 g ti .410 sì ní 175 péré.

Bí wọ́n ṣe ń tàn kálẹ̀ lójú ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ìbọn kan sí èkejì. Hóró 175 ló máa wá gba ojú ibi tí hóró 350 ń gbà. Àlàfo á pọ̀ láàárín wọn, ẹyẹ á sì kọjá nínú àlàfo náà, tàbí kí hóró kan ṣoṣo bà á ní ìyẹ́, kó lọ kú sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìbọn oníhò tóóró ní láti fa ẹran mọ́ra. Ìwọ̀n tí àwa fara mọ́ fún ẹyẹ ni mítà 35 fún géèjì 12, 32 fún 20, 30 fún 28, àti 25 fún .410. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá, kó yọ mítà 5 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá dára nínú rẹ̀ tí èèyàn á fi fi 12 sílẹ̀?

Ìwọ̀n rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Géèjì 12 ẹlẹ́nu méjì sábà máa ń wọ̀n tó 3.2 sí 3.5 kg, géèjì 20 wà láàárín 2.7 sí 3 kg, 28 a sì máa fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè ẹ̀yìn Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láàárọ̀ tí kò sì tíì padà délé ní ọ̀sán máa mọ ohun tí ìdajì kílò túmọ̀ sí lọ́rùn èjìká. Èkejì, ó ń tètè dé èjìká. Àparò kì í fò títí ẹsẹ̀ ọdẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà tó bá sì fò, láàárín mítà 10 sí 20 ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń parí sí. Níbẹ̀, 12 ti pọ̀ jù, á kàn fa ẹran ya pátápátá. Géèjì 20 tàbí 28 tí ṣóòkù rẹ̀ (bí ọ̀pá ṣe fún lẹ́nu) ṣí sílẹ̀ ló yẹ ibẹ̀.

Èwo ni kí n rà?

Géèjì 20. A kò fi bò. 28 dùn-ún yìn, ọwọ́ àwọn tó ní in kì í fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ máa rí ọta rẹ̀ rà lọ́dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ láti tà á kí ẹ tó sanwó ìbọn. Ìbọn tí kò rí ọta jẹ, igi ìdáná ni.

.410 ni wọ́n sábà máa ń rà fún ọmọ tàbí ìyàwó tó ń kọ́ṣẹ́, torí pé kò gbáni. Ìyẹn kò tọ̀nà. Ìbọn tó ṣòroó fi ba nǹkan jù nínú gbogbo wọn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á yìn ín títí, kò ní ba nǹkan kan, á sì sọ pé òun kò lè ṣe é. Ẹ fún un ní géèjì 20 tó wọ̀n tó 2.9 kg pẹ̀lú ọta 21 tàbí 24 g.

Géèjì 20 ọ̀rẹ́ mi ń gbáni ju 12 mi lọ. Kí ló fà á?

Ọta tó ń lò ló fà á. Greener, tó ń rọ ìbọn ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlànà kan tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní: kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 òjé tó ń gbé. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. 24 g fẹ́ ìbọn 2.3 kg, 28 g fẹ́ 2.7 kg. Ṣùgbọ́n ọta géèjì 20 tó gùn tó 76 mm lè gbé 36 g, ìyẹn sì fẹ́ ìbọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.5 kg. Tí ẹ bá ki irú ọta bẹ́ẹ̀ sínú ìbọn 2.7 kg, èjìká á sọ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé 36 g, kó kúkú gbé 12.

Ìdí ìbọn tó kúrú tàbí tó gùn ju ọwọ́ ẹni lọ náà wà níbẹ̀. Tó bá kúrú jù, àtàǹpàkò á máa gbá imú. Tó bá gùn jù, á máa há sí abẹ́ apá, á wá jókòó sórí eegun apá dípò kòtò èjìká.

Hóró tó tóbi tó wo ni kí n lò fún ẹran wa?

Ẹ má wo nọ́ńbà ara páálí nìkan, torí nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kò dọ́gba. Nọ́ńbà 6 Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2.6 mm, 6 ti Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.8 mm. Ìwọ̀n mm ni kí ẹ máa wá.

Fún àdàbà àti àparò, 2.4 mm. Fún awó, 2.6 sí 2.8 mm, torí ìyẹ́ rẹ̀ le, ara rẹ̀ sì ki. Òkété àti ehoro, 2.8 mm. Ọ̀yà ló ń fa àríyànjiyàn. Awọ rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń sá wọ inú koríko pẹ̀lú ọgbẹ́. 3 sí 3.3 mm ni, láti inú géèjì 20, kí ó má kọjá mítà 25, kí ẹ sì fojú sun orí àti ọrùn. Ẹ má fi .410 dán ọ̀yà wò: 14 g hóró 3 mm kò ju nǹkan bíi 85 lọ, àlàfo inú rẹ̀ á gba ọ̀yà odindi. Ẹtu àti ìgalà kò sí nínú iṣẹ́ ìbọn oníhò tóóró rárá.

Kí ni ṣóòkù, báwo sì ni mo ṣe lè mọ ibi tí ìbọn mi gbéṣẹ́ dé?

Ṣóòkù ni bí ọ̀pá ìbọn ṣe fún díẹ̀ ní sẹ́ńtímítà mélòó kan tó gbẹ̀yìn kó tó kan ẹnu. Wọ́n fi ń kó òjé jọ kó má tètè tàn. Ìwé nípa ìbọn sọ pé ní mítà 36, nínú àmì róbótó tó fẹ̀ ní 75 cm, ìbọn tí kò ní ṣóòkù rárá á kó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òjé rẹ̀ síbẹ̀, improved cylinder (ṣóòkù tó fún díẹ̀) ìdá 50, modified (èyí tó fún sí i) ìdá 60, full (èyí tó fún jù) ìdá 70. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Tiyín lè yàtọ̀, pàápàá .410. Nínú ọta .410, òjé tò ga, ó sì tóóró. Nígbà tí ìbọn bá dún, àwọn ti ìsàlẹ̀ a máa fẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹrù àwọn ti òkè, hóró tó bá sì ti fẹ̀ kì í lọ tààrà mọ́. Ẹ dán an wò báyìí:

Ẹ wá páálí ńlá, irú èyí tí fíríìjì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi okùn tó gùn ní 37.5 cm àti pẹ́ńsù fa róbótó sí i. Ẹ gbé e síwájú òkìtì ilẹ̀ tó ga, níbi tí kò sí ọ̀nà oko lẹ́yìn. Láti mítà 20, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú páálí tuntun, ẹ tún un ṣe títí á fi di mẹ́ta. Bákan náà láti 25, láti 30. Ọta kan náà ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ọta míì á fún yín ní àbájáde míì.

Ẹ wá ka ihò inú róbótó. Fún àparò, tí iye rẹ̀ bá ti wá sí abẹ́ 130, ibẹ̀ ni ìbọn yẹn pẹ̀lú ọta yẹn parí sí. Ṣùgbọ́n iye nìkan kò tó. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí páálí. Tí ẹ bá rí àlàfo púpọ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ wọ̀ láìkan ihò kankan, àdàbà á kọjá níbẹ̀. Ẹ dín jíjìnnà kù tàbí kí ẹ pààrọ̀ ọta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni í sáré pààrọ̀ ṣóòkù, bẹ́ẹ̀ ọta ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀.

Àárín gbùngbùn òjé yín kò sí láàárín róbótó? Ẹ tún un ṣe ní mítà 20, kí ẹ gbé ìbọn kalẹ̀ lórí àpò iyanrìn. Tó bá ṣì yà, ìbọn ló yà. Tó bá tọ́, bí ìdí ìbọn ṣe jókòó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló yà.

Eré àwo amọ̀ ńkọ́? Ṣé ìbọn kékeré wúlò níbẹ̀?

Ó wúlò gan-an. Àwo tí à ń sọ, èyí tí wọ́n ń jù sókè kí èèyàn yìn ín, jẹ́ 110 mm ní fífẹ̀, ó wọ̀n tó 105 g. Orúkọ ló ń jẹ́ amọ̀. Ẹfun òkúta tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Skeet, tó jẹ́ irú eré àwo amọ̀ kan, bẹ̀rẹ̀ ní Andover, ní Massachusetts, ní àwọn ọdún 1920, láti ọwọ́ Charles Davies, ọdẹ ẹyẹ tó fẹ́ ibi tó máa fi ṣe ìdánrawò. Ní Amẹ́ríkà títí dòní, wọ́n ń ṣe ìdíje skeet ní ìpele mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 12, 20, 28 àti .410. Ó wọ Òlíḿpíìkì ní 1968. Ẹ fetí sí èyí: òfin Òlíḿpíìkì kò gbà kí ọta ju 24 g lọ. Òjé tí akọni Òlíḿpíìkì ń yìn kò pọ̀ ju ohun tí géèjì 20 ń gbé nírọ̀rùn lọ.

Fún ìdánrawò, hóró 2 sí 2.4 mm ló yẹ. Ẹ lè fi ìjù ọwọ́ onírọ́bà ju àwo, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ ìjù onísípíríǹgì. Apá ẹ̀rọ yẹn léwu: ẹ má kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti fà á sẹ́yìn, ì báà má sí àwo nínú rẹ̀, torí ó lè ṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń jù ú gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ohun tí òjé kò lè là kọjá. Ẹ má fi ìgò rọ́pò àwo. Àfọ́kù ìgò á wà nílẹ̀ de ẹsẹ̀ àgbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ ṣa àfọ́kù àwo náà kúrò, pàápàá níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń jẹko, nítorí ọ̀dà inú rẹ̀ ń pa ẹlẹ́dẹ̀.

Ilẹ̀ tó tóbi tó wo la nílò?

Hóró 2.4 mm lè rìn tó mítà 190 kó tó balẹ̀. Ẹ fi 275 sílẹ̀ lófo níwájú, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Oko kòkó kì í ṣe ibi òfo. Láti oṣù kẹwàá títí ọdún á fi parí, àwọn èèyàn wà lábẹ́ igi tí ń já kòkó, ẹ kò sì lè rí wọn. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ àti baálẹ̀, kí ẹ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì má kọjú ìbọn sí odò.

Kí ló dé tí mo máa ń pàdánù àwo tàbí ẹyẹ tó ń fò kọjá?

Ẹ ń yìn ín sẹ́yìn. Ẹyẹ tó ń sá eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní mítà 25, òjé yín á lo nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó débẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ẹyẹ ti kúrò níbi tó wà ní mítà kan lé ní ọgbọ̀n sẹ́ńtímítà. Iwájú rẹ̀ ló yẹ kí ẹnu ìbọn wà.

Ìbọn fífúyẹ́ tún dá kún un: ó tètè ń gbéra, ó sì tètè ń dúró. Ìgbà tí ìka bá ń fà, apá á dúró, òjé á lọ sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹyẹ, ẹ fa ẹnu ìbọn kọjá ara rẹ̀, ẹ fa ìka, kí ọwọ́ sì máa bá a lọ lẹ́yìn tí ìbọn ti dún. Ojú yín, lára ẹyẹ ni kó wà. Ẹni tó bá ń wo ẹnu ìbọn á dúró láìmọ̀. Ọ̀pá tó gùn tó 76 cm ń ran ìbọn fífúyẹ́ lọ́wọ́, torí ẹnu rẹ̀ á wúwo díẹ̀.

Mo ní 12 àti 20. Ṣé mo lè kó ọta wọn sínú àpò kan?

Rárá. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo ohun tó wà níbí.

Ọta géèjì 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju ilé ọta géèjì 12 (ibi tí à ń ki ọta sí) lọ. Tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀, kì í jábọ́ lẹ́nu ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró sí ẹ̀yìn níbi tí ẹ máa ti rí i. Ó máa yọ́ wọlé, kí etí idẹ rẹ̀ há sí ibi tí ilé ọta ti ń fún di ọ̀pá. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìbọn wò, ẹ rí òfo, ẹ rò pé ẹ kò tíì ki í. Ẹ ki ọta 12 tẹ̀lé e, ẹ yìn ín. Ọ̀pá á bẹ́ lórí ọwọ́ òsì, níbi tí ọwọ́ ti dì í mú gan-an.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ òféfèé ṣe ara ọta géèjì 20. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé àwọ̀ nínú òkùnkùn alẹ́. Ẹni tó bá gbé 12 jáde, kó tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, kó sì yọ gbogbo 20 kúrò.

Gígùn ilé ọta náà ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀pá ìbọn: 65, 70 tàbí 76 mm. Gígùn tí wọ́n kọ sára ọta ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí. Nítorí náà ọta 76 mm á wọ ilé 70 mm láìjà, ẹ̀yìn ìbọn á sì pa dé. Àmọ́ nígbà tó bá dún, ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè ṣí tán, agbára inú rẹ̀ á ga ju ohun tí ìbọn lè gbà lọ. Ẹ má jẹ́ kí àgbẹ̀dẹ kankan fẹ ilé ọta fún yín kó lè gba ọta tó gùn. Irin ibẹ̀ kò ní àlékún tí wọ́n lè gé.

Mo fà á, kò dún. Tàbí ó dún "pù" bí ẹni pé kò lágbára.

Tí kò bá dún, ẹ má ṣí i. Ẹ kọjú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí síbi tí kò séwu fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí iná lè máa jó lọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí i, kí ojú yín má sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó dún "pù" burú jù ú lọ. Ó lè jẹ́ pé òjé tàbí ìdí inú ọta (ohun tó wà láàárín òjé àti ẹ̀tù) ṣì há sínú ọ̀pá. Ẹ má ki ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yọ ọ̀pá, ẹ gbé e sí ojú ọ̀run, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bákan náà ni kí ẹ ṣe nígbàkígbà tí ẹnu ìbọn bá kan ilẹ̀. Amọ̀ pupa òjò tó há sẹ́nu ìbọn tó láti fa ẹnu náà ya.

Irú ìbọn wo ni òfin gbà?

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ọdẹ ọlọ́ta mọ́ ohun tí èèyàn lè gba láíséǹsì rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ó yọ automatic, semi-automatic àti èyíkéyìí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta míì sínú rẹ̀, bíi pump action tí à ń fi ọwọ́ fà, kúrò nínú wọn. Ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí à ń ṣẹ́ láàárín ló kù. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ṣakabùlà náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo ni kí ẹ ti béèrè ìlànà, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní òun máa bá yín "ṣe é".

Akika kò ṣeé pa: láti 2016 ni wọ́n ti fi gbogbo irú rẹ̀ sábẹ́ ìdáàbòbò tó ga jù nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran ìgbẹ́. Ẹ má sì wọ igbó ọba bíi Ṣáṣá tàbí ilẹ̀ Yunifásítì láìgba àṣẹ.

Ṣé dandan ni ohun ìdíná etí?

Dandan ni. Ìbọn kékeré ń pariwo bí ti ńlá. Etí tó bá ti bàjẹ́ kì í padà. Ẹ fi gíláàsì bojú pẹ̀lú.

Òjò ilẹ̀ wa ń dípẹtà sí ìbọn mi. Kí ni kí n fi nù ún?

Ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín ni kí ẹ nù ún, kó má di ọ̀la. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ tú ọ̀pá kúrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ tó bá géèjì yín mu (ti 12 kò lè wọ 20) fọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Ẹ fi aṣọ funfun fà á títí yóò fi jáde mímọ́, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ kán epo díẹ̀ sí parí rẹ̀. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ dára. Epo pupa àti àdín kò dára, wọ́n á di gọ́ọ̀mù. Kẹrosíìnì lè bó ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ tí ẹ kò bá fi epo tẹ̀lé e, ìpẹtà á padà. Ẹ fi gírísì bíńtín sí ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́.

Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ tàbí ti kánfáàsì, torí wọ́n ń fa omi mọ́ra. Inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé, kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí epo má ṣàn wọ igi ìdí rẹ̀. Ọta á wà lọ́tọ̀, níbi gbígbẹ. Bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn kì í ṣe ibẹ̀.

Òjé inú ẹran ńkọ́?

Májèlé ni òjé, ó sì burú jù fún aboyún àti ọmọ kékeré. Ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, pàápàá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì, kí ẹ sì wá hóró jáde kí ẹran tó kan iná. Ọbẹ̀ tòmátì tàbí ọtí kíkan máa ń fa òjé jáde sínú oúnjẹ ju omi lásán lọ, nítorí náà ẹ má gbé e kaná kí ẹ tó wá a tán.